Oúnjẹ Ẹja Àrọ̀ àti Ìjà Inú Táǹkì

Ní Abúlé Òkúta, ní agbègbè Bàrígà àti Ṣómólú, ilé sún mọ́ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja níbẹ̀ yóò gbé táǹkì sí ẹ̀yìnkùlé tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá. Bí ẹja bá wá ń dín kù láìrí òkú rẹ̀, olè ni ọkàn ń kọ́kọ́ lọ sí. Kí ẹ tó fura sí alábàágbé, a rọ̀ yín kí ẹ wo inú omi náà dáadáa.

Ẹja àrọ̀ a máa jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tó bá ṣì kéré, ìrù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dì mú, yóò gbé e mì títí dé ọrùn, yóò sì já orí sílẹ̀. Orí ọmọ ẹja tí kò ní ara jẹ́ àmì tí kò ṣe é fojú fò. Bó bá dàgbà díẹ̀ sí i, odindi ni yóò gbé mì, kò sì ní sí àmì kankan. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń yára tóbi ju àwọn yòókù lọ. Òun ni àwọn olùsìn ẹja ń pè ní ṣútà.

Ebi ń mú kí ìwà yìí le sí i. Ẹ máa fún ọmọ ẹja ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́, kí ẹ sì fọ́n ọn káàkiri ojú omi kí àwọn alágbára má baà gba igun kan. Hóró oúnjẹ gbọ́dọ̀ gba ẹnu èyí tó kéré jù lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ńlá nìkan ni ẹ ń bọ́. Àjẹkù oúnjẹ sì ń ba omi jẹ́, pàápàá nínú táǹkì kékeré.

Èròjà inú oúnjẹ náà ṣe kókó. Protein tó tó ìdá 40 sí 45 nínú 100 ni ọmọ àrọ̀ nílò. Ara protein ni tryptophan wà, èyí tí ọpọlọ ẹja fi ń ṣe serotonin tó ń mú ara balẹ̀. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ní Swídìn fi kún oúnjẹ ẹja trout: ọjọ́ mẹ́ta kò yí nǹkan padà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ méje, ìjà wọn dín kù. Trout kì í ṣe àrọ̀, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra tryptophan. Ṣùgbọ́n àgbàdo kò ní in tó. Ẹ̀wà sóyà tí a yan àti ẹja gbígbẹ lílọ̀ ló ní in jù ú lọ.

Oúnjẹ nìkan kò tó. Ẹja òru ni àrọ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń ni ín lára, nítorí náà ẹ bo apá kan táǹkì. Ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ ṣa ẹja gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tóbi sí, kí ẹ sì kó àwọn ṣútà sínú táǹkì tiwọn, pẹ̀lú àwọn tó bá wọn dọ́gba.