Illmatic

Illmatic ni àwo-orin àkọ́kọ́ tí Nas, olórin ráàpù ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe. Ilé-iṣẹ́ Columbia Records ni ó gbé e jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1994, nígbà tí olórin náà jẹ́ ọmọ ọdún 20. Orin mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀, àpapọ̀ wọn kò sì pé 40 ìṣẹ́jú. Kò tà púpọ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ olùṣelámèyítọ́ fi ń wọn àwo-orin hip hop mìíràn lónìí.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Nasir bin Olu Dara Jones ni orúkọ Nas ní kíkún. Yorùbá tí ó wà láàárín orúkọ náà kì í ṣe èèṣì. Charles Jones ni bàbá rẹ̀, afunfèrè jazz tí wọ́n bí ní ìlú Natchez ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ó tó yí orúkọ padà sí Olu Dara. Nas dàgbà ní Queensbridge, àdúgbò àwọn ilé ìjọba kan ní Queens ní ìlú New York, tí ó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Kò parí ilé-ẹ̀kọ́. Kíláàsì kẹjọ ni ó dé tí ó fi kúrò, ìwé tí ó ń kà nílé àti orin tí bàbá rẹ̀ ń kọ ni wọ́n kọ́ ọ ní ìyókù.

Ní àwọn ọdún 1980, oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní crack wọ Queensbridge, ìbọn sì tẹ̀lé e. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1992, wọ́n yìnbọn pa Ill Will, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Nas tí wọ́n jọ ń ṣe orin. Ìbọn ba Jungle, àbúrò Nas, lóru ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n òun kò kú. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa ikú yìí lè gbádùn àwo-orin náà, àmọ́ kò ní mọ ìdí tí ọmọ ogún ọdún fi ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tí ó ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ṣíṣe àwo-orin náà

Kí ó tó di ìgbà yẹn, àwọn olólùfẹ́ ráàpù ti gbọ́ ohùn Nas nínú orin "Live at the Barbeque" tí ẹgbẹ́ Main Source ṣe ní ọdún 1991. Ní ọdún 1992, orin rẹ̀ "Halftime" jáde pẹ̀lú àwọn orin fíìmù Zebrahead. Nasty Nas ni ó ń pe ara rẹ̀ nígbà náà. Olórin MC Serch ni ó mú un lọ bá Faith Newman ní Columbia, tí wọ́n fi bá a ṣe àdéhùn.

Láyé ìgbà náà, olùṣètò orin kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ṣe ìlù gbogbo àwo-orin ráàpù. Ti Nas yàtọ̀. DJ Premier, Large Professor, Pete Rock àti Q-Tip, tí wọ́n ti lórúkọ, ni wọ́n pín iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú L.E.S., ọmọ Queensbridge. Ègé orin àtijọ́ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń yí po, tí wọ́n sì ń gbé ìlù lé. Dùùrù Ahmad Jamal ni a ń gbọ́ nínú "The World Is Yours". "Human Nature" tí Michael Jackson kọ ni wọ́n gé fún "It Ain't Hard to Tell". Premier ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Nas ka ẹsẹ àkọ́kọ́ "N.Y. State of Mind" sínú ẹ̀rọ, láìdúró.

"One Love" ni ó fi ọgbọ́n ìtàn rẹ̀ hàn jù. Lẹ́tà sí àwọn ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́wọ̀n ni: ọmọ tuntun tí ẹlẹ́wọ̀n kò tíì rí, obìnrin tí kò wá bẹ̀ ẹ́ wò mọ́, ẹni tí wọ́n yìnbọn fún láìpẹ́. Ní ìparí, Nas pàdé ọmọ ọdún 12 kan tí ó ń ta oògùn olóró, ó sì jókòó tì í gbà á nímọ̀ràn. Kò wàásù fún olùgbọ́.

AZ nìkan ni àlejò tí ó ráàpù nínú àwo-orin náà, nínú orin kẹta. Bí orin yẹn ti ń lọ sópin, Olu Dara fun fèrè kọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ti sọ̀rọ̀ ayé bí ẹni tí kò retí láti dàgbà, bàbá sì wá dáhùn láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Kò sí ibi tí ó dùn ju ibẹ̀ lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Òun náà ni ó ya fọ́tò Nas ní kékeré tí ó wà lórí páálí àwo-orin, èyí tí wọ́n da pọ̀ mọ́ àwòrán àwọn ilé Queensbridge.

Ìgbàwọlé

Ìwé ìròyìn The Source fún Illmatic ní máìkì márùn-ún, oyè tí ó ga jù lọ tí wọ́n ní, tí ó sì ṣọ̀wọ́n fún àkọ́ṣe olórin. Ọjà kò bá ìyìn náà dọ́gba. Ipò kejìlá ni ó dé lórí àtẹ Billboard 200. Orin ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, irú èyí tí Dr. Dre ń ṣe, ni ó gbòde nígbà náà, ayédèrú àwo-orin náà sì ti wà nígboro kí ojúlówó tó jáde. Ọdún 1996 ni ó tó gba oyè wúrà fún 500,000 ẹ̀dà, ó sì gba pílátínọ́ọ̀mù ní ọdún 2001. It Was Written, àwo-orin kejì Nas, gba ipò kìíní ní ọdún 1996 kan náà, síbẹ̀ àwọn kan bínú sí i pé kò jọ ti àkọ́kọ́.

Ipa rẹ̀

Àṣà pípe ọ̀pọ̀ olùṣètò orin sí orí àwo kan tàn kálẹ̀ lẹ́yìn Illmatic. Àbájáde rẹ̀ kò dára tán: púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe é ní olùṣètò púpọ̀, wọn kò ní ìṣọ̀kan. Jay-Z mú ohùn Nas láti inú "The World Is Yours" lò fún "Dead Presidents" ní ọdún 1996. Nígbà tí ìjà dé láàárín àwọn méjèèjì ní ọdún 2001, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwo-orin kan péré ni Nas ní tí ó dára. Stillmatic ni Nas sọ èyí tí ó gbé jáde lọ́dún náà.

Ní ọdún 2013, Yunifásítì Harvard dá ẹ̀bùn ìwádìí kan sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ hip hop ní orúkọ Nasir Jones. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, fíìmù Time Is Illmatic jáde, Nas sì kọ gbogbo orin inú àwo náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin National Symphony Orchestra ní ìlú Washington. Ní ọdún 2021, Library of Congress fi Illmatic kún àwọn ohùn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú fún ìran tí ń bọ̀.