Tọkọtaya Kòríà Níwájú Kámẹ́rà

Kí tọkọtaya kankan ní Seoul tó gbé fóònù ka orí tábìlì láti máa ya ara wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun alẹ́, tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ àwọn ará Kòríà Gúúsù láti máa yọjú wo ilé onílé. Ọdún 2000 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KBS bẹ̀rẹ̀ ètò Ingan Geukjang, tó máa ń tẹ̀lé ẹnì kan tàbí ìdílé kan láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Orí ètò yìí ni wọ́n ti rí baba arúgbó Jo Byeong-man àti ìyàwó rẹ̀, Kang Kye-yeol, ní Hoengseong. Aṣọ ìbílẹ̀ aláwọ̀ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀, baba a bu ewé gbígbẹ dà sí ìyá lára, ìyá náà a sì gbẹ̀san. Fíìmù tí Jin Mo-young ṣe nípa wọn jáde ní 2014, lẹ́yìn tí baba ti kú. Àwọn tó lọ wò ó ní sinimá lé ní mílíọ̀nù 4.

Ọ̀nà mìíràn ni iléeṣẹ́ MBC gbà. Láti 2008 títí di 2017, nínú ètò We Got Married, àwọn gbajúmọ̀ tí kò fẹ́ra ni wọ́n ń ṣe bí ọkọ àti ìyàwó. Ìgbéyàwó àfẹnuṣe, àmọ́ àwọn èèyàn wò ó.

Ọwọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni owó gbogbo èyí ń lọ. Afreeca, ìkànnì fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣí ní 2006, ló fọ́n ọn ká: òǹwòran lè ra bàlúùnù oníràwọ̀ kó fi ta ẹni tó ń ṣeré lọ́rẹ, onítọ̀hún a sì pààrọ̀ rẹ̀ sí owó. Ibẹ̀ ni mukbang, jíjẹun níwájú kámẹ́rà, ti gbilẹ̀.

Kì í kúkú ṣe gbogbo tọkọtaya ni owó gbé dé iwájú òǹwòran. Ní 1981 ni Lee Chan-jae àti ìyàwó rẹ̀, Ahn Kyong-ja, kó lọ sí São Paulo. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Kòríà, bàbá àgbà kò rí ẹni mú lọ sílé ìwé mọ́. Ní 2015, ọmọkùnrin rẹ̀ kọ́ ọ ní Instagram. Baba ń ya àwòrán fún àwọn ọmọ-ọmọ, ìyá ń kọ ìtàn tó bá a mu, àwọn ọmọ sì ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí.

Ní tèmi, àwọn aláwàdà ló sọ fífi ìgbésí ayé tọkọtaya hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì di òwò, nítorí àwọn ètò tí wọ́n ti ń rí iṣẹ́ ń pa rẹ́. Iléeṣẹ́ SBS dá ètò àwàdà Utchatsa dúró ní 2017. Gag Concert ti KBS, tó ti wà láti 1999, náà dákẹ́ ní 2020 kó tó padà ní 2023. Son Min-soo àti Im La-ra, aláwàdà méjì tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà, ṣí ìkànnì Enjoy Couple ní 2017. Wọ́n ń tan ara wọn jẹ, wọ́n ń bínú, wọ́n ń parí ìjà. Ní 2023 ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Bí òǹwòran ṣe ń pọ̀ ni ìgbéyàwó ń dín kù títí di 2022. Ní 1996, nǹkan bí 435,000 ìgbéyàwó ló wáyé. Ní 2022, nǹkan bí 192,000 péré. Ilé ti di ọ̀wọ́n gógó. Ó jọ pé àwọn mìíràn ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò tí wọn kò tíì lè sè fúnra wọn.

Ìjọba náà kò sùn. Ní 2019, àwọn agbowó-orí ya iṣẹ́ ṣíṣe fídíò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2020, ariwo ta lórí àwọn ìpolówó tí wọ́n ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, ìlànà tuntun ti dé. Láti ìgbà náà, ọkọ tó bá ń yin ìkòkò tí ìyàwó rẹ̀ fi ń dáná gbọ́dọ̀ kọ ọ́ hàn gbangba bí ẹni tó ń ta ìkòkò bá sanwó fún un.