Púùlù Dókítà Randle ní Oníkàn

Ní ọdún 1928, Èkó ní púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí ìjọba kò dá kọ́bọ̀ sí. Oníkàn ni púùlù náà wà, ní Erékùṣù Èkó, owó àpò Dókítà John Randle ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Dókítà náà ti kọ́kọ́ bẹ ìjọba àmúnisìn pé kí wọ́n ṣe ibi tí àwọn ọmọ ìlú yóò ti máa kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ̀. Ó bá ná owó ara rẹ̀ sí i, ó sì fi ta àwọn ará Èkó lọ́rẹ.

Ẹni tó bá mọ bí Èkó ti rí yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Omi ló yí ìlú náà ká. Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹkùn Àgbádárìgì, ní Ikoga, ní Àjìdó tàbí ní Gbẹ̀rẹ̀fú, sábà máa ń rí àgbà tó mọ omi tí yóò kọ́ ọ. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó náà ń gbé láàárín omi, ṣùgbọ́n ilé ti há mọ́ ilé, ọkọ̀ òkun ló sì gba etí ọ̀sà. Ibi tí ọmọdé ti lè bọ́ sómi kí ọkàn ìyá rẹ̀ sì balẹ̀ ni kò sí. Ẹ̀bùn Randle fún wọn níbi eré, ó sì tún dáàbò bo ẹ̀mí wọn.

Ta ni Randle yìí? Regent, ní ilẹ̀ Sàró, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1855. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni bàbá rẹ̀. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ìtàn Àgbádárìgì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn Sàró gbà wọlé nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1830, kí wọ́n tó forí lé Abẹ́òkúta àti Èkó. Randle kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh, ó gboyè jáde ní 1888, ó sì wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó. Níbẹ̀ ló ti rí i pé owó tí wọ́n ń san fún dókítà dúdú kò tó èyí tí òyìnbó ń gbà lórí iṣẹ́ kan náà. Kò gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó bá wọn fa á títí tí òun àti iṣẹ́ ìjọba fi pínyà, ó sì ń dá ṣe iṣẹ́ ìṣègùn tirẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà ní ìtàn, ìtàn ọ̀hún kò sì jìnnà sí ẹkùn Àgbádárìgì rárá. Victoria Davies ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1890 sì ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ni Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní 1848, tí ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Frederick Forbes sì mú lọ sí ìlú ọba ní 1850. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, Ọbabìnrin Victoria sì gbà á sábẹ́ àbò rẹ̀. Nígbà tí Àìná bí ọmọbìnrin, ọbabìnrin náà fún ọmọ ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì di ìyá ìsàmì rẹ̀. Ọmọ ìsàmì ọbabìnrin yìí ni Randle fẹ́. Ẹni tó fẹ́ irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ lè bá àwọn òyìnbó jókòó, kó máa jayé orí rẹ̀, kó má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Randle kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1908, òun àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Ìjọba ń gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, wọ́n sì fẹ́ kí ará ìlú máa sanwó rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà yarí. Wọ́n ní ará ìlú ní kànga tirẹ̀, àti pé àwọn òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní omi ẹ̀rọ náà jù. Ìjà owó omi yìí kò tán bọ̀rọ̀ ní Èkó. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan náà tó bá ìjọba jà nítorí omi ló fi owó ara rẹ̀ ṣe púùlù fún ọmọ mẹ̀kúnnù. Ọdún 1928 yẹn gan-an ni ó sì papò dà.

Púùlù náà kò dá nìkan wà. Oníkàn àti àyíká rẹ̀ ni àwọn ará Erékùṣù ti ń gba afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pápá ìsáré ẹṣin kò jìnnà síbẹ̀, pápá tí wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè ní 1960. Pápá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi sọrí Ọba George Karùn-ún wà nítòsí, ọgbà òdòdó tí wọ́n ń pè ní Love Garden náà sì wà ńbẹ̀. Ní 1957, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ ṣílẹ̀kùn ní òdìkejì títì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Pápá ẹṣin di Tafawa Balewa Square ní 1972. Ilé orin MUSON wá dúró sórí ilẹ̀ Love Garden. Púùlù Randle ní tirẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n àbójútó fi í sílẹ̀. Ìran dé ìran ni ó ti kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ó di ahoro lójú àwọn tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Kò sí ohun tó dunni nínú ìtàn yìí tó èyí. Randle fún ìlú ní púùlù, ìlú gbà á, ìlú lò ó, ṣùgbọ́n a kò rí ẹgbẹ́ tó dìde bíi ti People's Union nígbà tí púùlù fúnra rẹ̀ ń kú lọ. Ọdún gun orí ọdún kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó dá sí i. Lábẹ́ Gómìnà Akínwùmí Aḿbọ̀dé ni wọ́n wó àwọn ohun tó ti jẹrà níbẹ̀, tí iṣẹ́ tuntun sì bẹ̀rẹ̀. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ló bá a parí. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2023, ó sì di ọdún 2024 kí gbogbo èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wò ó.

Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ju púùlù lọ. John Randle Centre for Yoruba Culture and History ni wọ́n pè é. Ayàwòrán ilé Ṣeun Oduwọlé ló ya ilé náà, ó sì yà á bí ẹni pé láti inú ilẹ̀ ló ti hù jáde. Ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ amọ̀ pupa tí a mọ̀ mọ́ ilé àwọn baba wa, kò sì dúró ṣánṣán, ó fì díẹ̀. Òrùlé rẹ̀ dagun wálẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, koríko tútù ni wọ́n sì gbìn lé e lórí. Ìtàn Yorùbá ni wọ́n fi kún inú rẹ̀: òrìṣà, ọba, orin, aṣọ, oúnjẹ. Wọ́n sì tún púùlù ṣe, wọ́n dá a padà sí iwájú ilé náà, kí orúkọ Randle má baà di orúkọ ilé lásán.

Púùlù Oníkàn padà wá. Gbogbo ibi eré kọ́ ló ń padà wá.

Àwọn ará Èkó kò tíì gbàgbé Landmark Beach ní Oníru. Etíkun náà ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ àti ẹbí ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní ọjọ́ ọdún, pàápàá lẹ́yìn tí Bar Beach, níbi tí àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà tí àwọn ọmọdé sì ti ń gun ẹṣin, ti di ara ilẹ̀ Eko Atlantic. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ pé títì Èkó sí Calabar, tó gùn tó 700 kìlómítà, yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ariwo ta. Àwọn tó ni ibẹ̀ ní iléeṣẹ́ tó lé ní 80 ló wà lórí ilẹ̀ náà, àti pé nǹkan bí 4,000 èèyàn ló ń rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí títì padà sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ti kọ́kọ́ là sílẹ̀. Àwọn èèyàn gbé ẹ̀bẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olóṣèlú alátakò bá wọn dá sí i. Èsì ìjọba ni pé ti ìjọba àpapọ̀ ni 250 mítà ilẹ̀ láti etí òkun. Kó tó di ìparí oṣù Èbìbí, katakata ti dé orí iyanrìn náà.

Àwọn èèyàn ké, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wọn kò ké. Ohun tí wọn kò ní ni òfin tó dá ibẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí ibi tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Òfin nìkan kò sì tó. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúbú, tí àwọn Àgùdà kọ́, ti wà lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù Owéwe ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin wà, kò sí ẹni tó dúró ti ilé náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń wó o.

Ìlú kan ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé òfin àti àwọn èèyàn tó máa dúró tì í lè pàdé. Margate ni orúkọ ìlú náà, Dreamland sì ni ọgbà ìṣeré rẹ̀. Ohun tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni reluwé onígi kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn fún eré ní 1920, tó ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ wìì. Òṣìṣẹ́ kan ló máa ń wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn èrò, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa bíréèkì bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tó di 2003, ẹni tó ni ilẹ̀ kéde pé òun yóò tì í, òun yóò sì lo ilẹ̀ náà fún nǹkan mìíràn. Àwọn aráàlú àtàwọn olólùfẹ́ ọgbà náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an láti gbà á là. Wọ́n ní ohun tí wọ́n lè dì mú: ní 2002, ìjọba ti kọ reluwé onígi náà sínú ìwé àwọn ohun àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, kò sì sí ẹni tó lè wó o láìgba àṣẹ.

Wọ́n tì í bí wọ́n ti sọ. Ní oṣù Igbe ọdún 2008, iná sọ, apá kan lára reluwé náà sì jóná. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ì bá ti tú ká níbẹ̀. Àwọn ti Margate kò tú ká. Wọ́n ń wá owó, wọ́n ń bá ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, títí ìgbìmọ̀ náà fi lo agbára òfin láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ní 2013. Dreamland tún ṣí ní oṣù Òkúdù ọdún 2015, wọ́n sì tún reluwé ọ̀hún ṣe. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá rọrùn o. Ọdún tó tẹ̀lé e, gbèsè mú iléeṣẹ́ tó ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà náà kò di ilé títà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àgbádárìgì gbọ̀ngbọ̀n. Suntan Beach wà níbẹ̀, tí èrò ń wọ́ lọ ní ọjọ́ Kérésì àti Àjíǹde. Etíkun Gbẹ̀rẹ̀fú wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti ọdún 1845, wà ní Marina Àgbádárìgì. Ìjọba àpapọ̀ sì ti ń la títì mìíràn, Sókótó sí Àgbádárìgì, tó gùn ju 1,000 kìlómítà lọ. Títì dára, ará Ikoga tó ti jókòó sínú gò-sílóò ní ojú ọ̀nà Mile 2 kò ní sọ pé òun kò fẹ́ títì. Ohun tó yẹ kó wà lórí ìwé kí katakata tó dé ni orúkọ àwọn ibi tí títì kò gbọ́dọ̀ jẹ run.

Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ọdún 2011 tó fàyè gba kíkọ irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àbò. Kí àwọn ọba, baálẹ̀, olórí ọjà, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ ní Ikoga àti ní gbogbo ẹkùn Àgbádárìgì jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ etíkun, pápá àti ọgbà tí wọn kò fẹ́ kó parẹ́, kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alausa, kí wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa bi ìjọba léèrè ibi tí ìwé náà dé. Ní 2028, púùlù Randle yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ìwé Àgbádárìgì ti wọlé kó tó di ọjọ́ náà.