Owó Ẹyọ Mẹ́fà: Kí Bọ́tìnì "Like" Tó Dé

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: èèyàn mélòó lẹ ti ṣe "like" fún láàárọ̀ yìí, tẹ́ ẹ ò rántí orúkọ wọn mọ́? Èmi ò lè ka tèmi.

Bọ́tìnì yìí kò tíì pẹ́ láyé. Vimeo ti ní tiẹ̀ ní 2005, FriendFeed bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2007. Ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2009 ni Facebook gbé tirẹ̀ jáde. "Awesome" ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa pè é. Ohun tó fà á kò le: tí ẹnì kan bá gbé ìròyìn ayọ̀ síta, ògìdìgbó èèyàn á máa kọ "congrats" sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ á wá sọnù sáàárín wọn. Ni wọ́n bá ní kí àmì kan ṣoṣo máa jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí àmì máa sọ pé "mo fẹ́ràn rẹ" kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àrokò ni. Tí wọ́n bá so owó ẹyọ 6 pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà nìyẹn: ọkàn ẹni tó rán an ń fà sí ọ. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ ọ́ lára, wàá fi owó ẹyọ 8 dá a lóhùn. Ẹ̀jọ nìyẹn: ọ̀rọ̀ wa jọ.

Owó tí wọ́n ń ná lọ́jà ni owó ẹyọ nígbà náà, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ bíi tòní. Ẹnì kan sì ní láti fẹsẹ̀ rìn gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kódà tó o bá dákẹ́, èsì ni.

Níbí ní Ìbàràpá, ẹ wo Ìgbò-Ọrà, ìlú ìbejì. Ìwádìí tí Dókítà Patrick Nylander ṣe láàárín 1972 sí 1982 fi hàn pé nínú 1,000 ìbí, ti ìbejì ń tó 45 sí 50. Láyé àtijọ́, ìyá ìbejì á gbé àwọn ọmọ rẹ̀, á jó kiri ọjà. Ẹni tí wọ́n bá wù kò ní wò wọ́n lásán. Á fún ìyá wọn lówó tàbí oúnjẹ, ìyá náà á sì súre fún un. "Like" tó ń di ẹ̀wà nìyẹn!

Láti 2018 ni àjọ̀dún ìbejì ti ń kó èrò wá sí Ìgbò-Ọrà. Fóònù á máa ṣíjú, àwòrán Táyé àti Kẹ́hìndé nínú aṣọ kan náà á gba ayé kan. Àmọ́ ẹgbẹ̀rún "like" ò ra kóńgò ẹ̀wà kan.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má tẹ bọ́tìnì o. Ọmọ Èrúwà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi kí ará ilé, kò burú. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá wù yín dénú, ẹ fi nǹkan kún un: ẹ kọ gbólóhùn kan, ẹ pe onítọ̀hún, tàbí kẹ́ ẹ ra ọjà rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fi ẹ̀fà ránṣẹ́ sí, ẹ má gbàgbé ẹ̀jọ.