Ìṣákọ́lẹ̀, Òfin Ilẹ̀ àti Ọ́fíìsì Káńsù: Ohun Tó Wà Nídìí Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́

Bí a bá dárúkọ ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé ìkórìíra àtayébáyé ló fà á. Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé ìjà ẹ̀sìn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ń bẹ ní Ifẹ̀, Mùsùlùmí ń bẹ ní Modákẹ́kẹ́. Onígbàgbọ́ sì wà ní ìhà méjèèjì. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọjú sí Kíblà kan náà wà lára àwọn tí wọ́n yìnbọn síra wọn. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀, ìbéèrè méjì ni ká bi ìtàn: ta ló ni ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń ro, ọwọ́ ta sì ni òǹtẹ̀ ìjọba wà?

Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá sí ìhà gúúsù. Ifẹ̀ gba púpọ̀ nínú wọn sílé. Ní nǹkan bí ọdún 1845, Ọọ̀ni Abẹ́wéilá fún wọn ní ibùdó tiwọn lẹ́yìn ìlú, ó sì fi oyè Ògúnsùà dá olórí wọn lọ́lá. Ìtàn sọ pé igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tó wà lórí igi ńlá kan níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú náà ní Modákẹ́kẹ́. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ní ọdún 1849 Modákẹ́kẹ́ ṣẹ́gun, àwọn ará Ifẹ̀ fi ìlú sílẹ̀, wọn kò sì padà títí di 1854. Wọ́n tún kọlu ara wọn ní 1882, nígbà tí ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 sọ pé kí Modákẹ́kẹ́ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1909 ni a tó tú wọn ká. Ní 1922 wọ́n padà wá.

Ẹ kíyè sí àkókò tí wọ́n padà yìí o. Kòkó ti gbòde. Láyé àtijọ́, ẹni tí a bá fún nílẹ̀ lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ láìgba àṣẹ, nítorí ẹni tó bá gbin igi lè di onílẹ̀ lọ́la. Ìṣákọ́lẹ̀ tí ó ń san kò jọ owó ilẹ̀. Iṣu díẹ̀ tàbí ẹran ìgbẹ́ ni, láti fi hàn pé ó mọ ẹni tó fún un nílẹ̀. Kòkó yí gbogbo rẹ̀ padà. Igi kòkó a máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ńlá sì ni èso rẹ̀. Ni ìṣákọ́lẹ̀ bá di kòkó àti owó. Onílẹ̀ ń wí pé, "Ilẹ̀ baba mi ni." Àgbẹ̀ náà ń wí pé, "Òógùn mi ni. Baba mi ló gbin igi yìí." Ní àwọn ọdún 1940, àwọn àgbẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ kọ̀ láti máa san án, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù.

Bí èyí ti wà nílẹ̀ ni ìjọba ológun ṣe Òfin Lílo Ilẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1978. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Ní ti ilẹ̀ ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ ni a fún lágbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìlò, tó tó 500 hẹ́kítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti 5,000 hẹ́kítà fún jíjẹ ẹran ọ̀sìn. Ó tún sọ pé ẹni tó ti ń fi ilẹ̀ dáko tẹ́lẹ̀ lè máa lò ó lọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbọ́ èyí, wọ́n ní ìgbà ti yí. Àwọn onílẹ̀ ní irọ́ ni, pé ẹni tó ni ilẹ̀ ni òfin ń bá wí. Ọdún 1991 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó là á pé òfin náà kò fòpin sí àjọṣe onílẹ̀ àti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ọdún 13 gbáko ni olúkúlùkù fi ka òfin kan náà bó ti wù ú.

Ẹ wá wò ó, bí ọ́fíìsì káńsù ṣe di nǹkan ìjà. Káńsù ló ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ oko. Òun ló ń gba owó ọjà. Òun ló ń gbani síṣẹ́. Lójú àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àlejò láti ìran dé ìran, ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di onílé. Lójú ẹni tó gbà wọ́n lálejò, bí ọ́fíìsì bá lọ, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní 1981, nígbà tí Modákẹ́kẹ́ ń béèrè ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1983, tí ọ̀rọ̀ òṣèlú wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní 1996, Ìlà Oòrùn Ifẹ̀ wà lára wọn. A gbé olú ọ́fíìsì rẹ̀ kúrò ní Modákẹ́kẹ́ lọ sí apá Ifẹ̀, ní 1997 iná sì ràn. Ó jó di 1998, ó tún rú ní 2000. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé di eérú, abúlé kòkó di ahoro, kòkó gbó sórí igi láìrẹ́ni ká a. Èso tí wọ́n torí rẹ̀ jà ni ìjà náà kọ́kọ́ bàjẹ́.

Kí ni ká rí kọ́? Èkíní, ìjọba tó bá ṣe òfin ilẹ̀ láìsọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún àgbẹ̀ lédè abínibí ti fi iná sórí òrùlé. Èkejì, ẹni tó ń pín ìjọba ìbílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí kò béèrè ìtàn ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà ìhà méjèèjì, ọ̀bẹ ló ń pín. Ẹ̀kẹta kàn wá gan-an: àdéhùn ẹnu kì í bá ọmọ-ọmọ délé. Baba tó fúnni nílẹ̀ àti baba tó gbà á mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ. Àwọn ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá àwọn baba yín kọ àdéhùn ilẹ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ kọ orúkọ ààlà, ẹ kọ ohun tí a ń san àti ìdí tí a fi ń san án, kí ẹlẹ́rìí ìhà méjèèjì sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọn kì í kó kúrò lẹ́nu. Ifẹ̀ kò kúrò, Modákẹ́kẹ́ kò kúrò, wọ́n sì tún ń fẹ́ ara wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí yóò pẹ́ ju gbogbo wọn lọ.