Ọba Kò So ní Ìlú Berlin, Ọdún 1964

Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan láti Òṣogbo gbé ìtàn Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, dé orí ìtàgé ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Ó yẹ kí àwa ará Kétu àti Ṣábẹ máa rántí ọdún náà, nítorí àwọn àgbà wa a máa sọ pé Òkè Ọyan ni àwọn baba ńlá wa àti ti Ọ̀yọ́ ti pínyà. Ọba tí wọ́n kọrin rẹ̀ lọ́hùn-ún kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ọmọ ilé ìjọ ni Dúró Ládípọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, tí a bí ní 1931. Orin ìsìn ni ó kọ́kọ́ ń ṣe. Nígbà tí ó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Àjíǹde, àwọn kan nínú ìjọ bínú sí i. Ní 1962, òun pẹ̀lú Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, ibẹ̀ ni Ọba Kò So sì ti jáde ní 1963. Jimoh Buraimoh tí ó ń tọ́jú iná ìtàgé fún ẹgbẹ́ náà, àti Twins Seven-Seven tí ó ń jó, ayàwòrán olókìkí ni àwọn méjèèjì dà.

Eré náà ṣòro púpọ̀. Oríkì, ọfọ̀, orin àti ìlù bàtá ni ó gbé ìtàn náà ró. Nígbà tí Timì àti Gbọ̀nkáà, àwọn jagunjagun méjì tí agbára wọn ń ba ọba lẹ́rù, bá pàdé, ọfọ̀ ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Bí òṣèré bá ṣi ohùn pe ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ ti bàjẹ́. Bí kò bá sì gbọ́ ohun tí bàtá ń sọ, kò ní mọ ìgbà tí yóò gbẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣàìsùn níbi Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣàngó ni Ládípọ̀ ti lọ kọ́ ohun tí ilé ìwé kò fi kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ṣàngó; Abíọ́dún aya rẹ̀ ni ó ṣe Ọya.

Corneille àti Racine ni wọ́n fi kọ́ àwa ọmọ ilé ìwé Faransé bí ọba ṣe ń ṣubú lórí ìtàgé. Lójú tèmi, Ṣàngó yìí kò rẹlẹ̀ sí àwọn ọba tiwọn rárá. Ládípọ̀ kò bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀: ọba ta ìjà sí àárín àwọn jagunjagun rẹ̀, ìbínú rẹ̀ pa àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí i, ó sì bọ́ sínú igbó ní òun nìkan. Síbẹ̀ ọlá adé kò dín.

Ní 1965, ẹgbẹ́ náà gbé eré yìí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ládípọ̀ kú ní 1978, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Àwa náà ní ìtàn tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ní 1886, ọmọ ogun Glèlè pa ìlú Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé borí Béhanzin ni ìlú náà tó tún dìde. Àwọn tí ó mọ oríkì Alákétu ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ì bá kọ́ ọ lẹ́nu wọn ti ń wá iṣẹ́ lọ sí Kútọnu.