Ojúlówó, Ayédèrú àti Àfijọ: Ìtàn Kọ̀ǹpútà Aláìlórúkọ

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kọ̀ǹpútà tí ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá lára ni ojúlówó, pé ayédèrú sì ni èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìpín yìí kò tọ̀nà lójú mi, ìtàn ni yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí mi.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà àdáni rẹ̀ jáde. Dọ́là 1,565 ni owó èyí tí ó kéré jù. Nítorí pé IBM ń kánjú, kò ṣe gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ fúnra rẹ̀: ọ̀dọ̀ Intel ni ó ti ra ọpọlọ ẹ̀rọ náà, Microsoft ni ó sì pèsè DOS tí ó ń darí rẹ̀. Ẹlòmíràn náà lè ra irú wọn. Ohun pàtàkì tí ó jẹ́ ti IBM ni BIOS, ètò kékeré tí ó máa ń jí ẹ̀rọ náà. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni ó dáàbò bò ó.

Ibí yìí ni ọ̀nà ti pínyà. Ní 1984, IBM pe ilé-iṣẹ́ Eagle àti Corona lẹ́jọ́ pé wọ́n da BIOS òun kọ. Àwọn méjèèjì sì gbà láti pa èyí tí wọ́n ń lò tì, kí wọ́n kọ tuntun. Ṣùgbọ́n Compaq, tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n kúrò ní Texas Instruments dá sílẹ̀ ní 1982, ti gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ka iṣẹ́ IBM, wọ́n sì ṣe àpèjúwe ohun tí BIOS náà ń ṣe. Àwọn mìíràn tí wọn kò fojú kan iṣẹ́ náà rí ni wọ́n wá kọ tuntun láti inú àpèjúwe yẹn. Ní 1983, ọjà tí Compaq tà tó mílíọ̀nù dọ́là 111. Ní 1984, Phoenix bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú BIOS bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ayédèrú ni ohun tí ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn tan ènìyàn jẹ. Àfijọ kò tan ẹnikẹ́ni: orúkọ tirẹ̀ ni ó ń jẹ́, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe.

Kí wá ni ẹni tí ó ra orúkọ rà? Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ó ra ìdánwò tí wọ́n ti ṣe fún ẹ̀rọ náà, àti ìlérí pé bí ó bá bàjẹ́, ẹnìkan yóò dáhùn. Ẹni tí ó ra àfijọ fi owó pamọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò dán an wò. Láyé ìgbà náà, Lotus 1-2-3 àti Flight Simulator ti Microsoft ni wọ́n fi ń dán àfijọ wò; èyí tí kò bá gbé méjèèjì kò tíì pé.

Orúkọ pàápàá kì í wà títí. Ní 1987, IBM gbé PS/2 jáde pẹ̀lú ìlànà ìsopọ̀ tirẹ̀, kí agbára lè padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ mẹ́sàn-án tí Compaq ṣáájú fi ìlànà tiwọn dáhùn. Compaq bọ́ sọ́wọ́ HP ní 2002. Ní 2005, IBM ta ẹ̀ka kọ̀ǹpútà àdáni rẹ̀ fún Lenovo ti Ṣáínà.

Ní ọjà kọ̀ǹpútà Otigba ní Ìkẹjà, títo àfijọ di iṣẹ́ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Bí ẹ̀yà kan bá jóná lára àfijọ, irú rẹ̀ kò ṣòro rí; ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ olórúkọ kan máa ń ṣe ẹ̀yà tí kò bá ti ẹlòmíràn mu. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó béèrè orúkọ, kí ó béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe àti ibi tí ẹ̀yà rẹ̀ wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe àfijọ ní ayédèrú mọ́.